Ìdí Tí Mi Ò Fi Gba Ìpè Rẹ

Toledo, Ohio,
Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi Lyndell,

Mo kí ọ. Mo ń fẹ́ kí ara rẹ le dáadáa ní àtìmọ́lé tí o wà, nítorí mi ò fẹ́ kí àìsàn gbà ọ́ lọ́wọ́ adájọ́. Ara tèmi ṣì wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n: ẹ̀rọ ló ń bá mi fọ ẹ̀jẹ̀, mo sì ṣì ń retí ẹni tí wọn yóò gba kíndìnrín rẹ̀ fún mi.

O ti ń pè mí láti ibẹ̀. Obìnrin inú fóònù á ní kí n tẹ nọ́ńbà kan bí mo bá máa sanwó ìpè náà. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Màmá ní o ń bèèrè ohun tó dé tí ọkàn mi fi le tó báyìí. Èsì rẹ nìyí.

Nígbà tí fóònù mi àtijọ́ bọ́ sómi tó sì kú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà lọ́nà Monroe láti gba òmíràn, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mà, orúkọ yín ò gba àwìn mọ́. Ẹ ti gba láìnì lọ́wọ́ wa rí, ẹ ò san án." Mo ní èmi kọ́. Ó ka àwọn nọ́ńbà náà sí mi létí. Lyndell, èyí tó kà kẹ́yìn, mo mọ̀ ọ́n lórí. Òun lo fi ń pè mí ní gbogbo àsìkò tí o gbé ní Detroit. Orúkọ mi lo fi gba àwọn láìnì náà, tìrẹ àti ti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ. Ẹ lò ó tẹ́rùn, ẹ sì fi gbèsè rẹ̀ sí mi lọ́rùn.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo tún dé ni wọ́n ti dá mi padà. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ilé ìwòsàn pè. Kíndìnrín kan ti wá tó bá ara mi mu. Nọ́ńbà mi ò lọ. Wọ́n pe ilé Màmá, Màmá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bá gbé e fún ẹni tó tẹ̀lé mi. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi nígbà tí mo dé ìdí ẹ̀rọ. Òun ló sunkún, èmi ò sunkún.

Ọ̀gbẹ́ni Haddad, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, ló wá yọ mí. Ó ta fóònù kékeré kan fún mi, irú èyí tí èèyàn ń sanwó rẹ̀ kó tó pè. Mo fẹ́ máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ mi fún un, ó ní, "Ìyá, ṣé mo bi yín ni? Ẹ sanwó, kẹ́ ẹ máa pe ẹni tó wù yín."

Mo fẹ́ bá ọ sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù. Ọlọ́run gbọ́. Ìdí tí mo fi wá bá yín jẹun Ọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ Màmá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, o ti gbé fóònù mi sókè fún àwọn ẹbí. O ní, "Ẹ wá wo fóònù Sístà Vernita o. Ṣé wọ́n ń fi pe èèyàn ni àbí wọ́n fi ń kan ìṣó? Ẹni tí kì í san gbèsè, irú ẹ̀ náà ló tọ́ sí i." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo bu ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kún tìrẹ. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu.

Èmi ni mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi náà ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá ọ lọ sílé, pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, níbi tí ẹ ti ń ṣeré yíyí bọ́ọ̀lù lu igi ni wọn yóò ti bá ọ, láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Mo jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo ń jẹ ọ̀dùnkún díndín, nígbà tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọ lọ́wọ́. Wọn ò jẹ́ kí o bọ́ bàtà eré náà kí o wọ tìrẹ. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Lánàá ni Màmá jíṣẹ́ rẹ: "Lyndell ní tó o bá lè pa ẹjọ́ yẹn tì, òun á fún ẹ ní kíndìnrín òun kan. Vernita, ọmọ ìyá ẹ ni. Jọ̀ọ́, gbà á." Mo fẹ́ kíndìnrín, Lyndell. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ń lá a lálàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń wú, tí ẹsẹ̀ mi ò wọ bàtà kankan, méjèèjì wà lára rẹ, o ò sọ̀rọ̀. Àfìgbà tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dé lo rántí pé ọ̀kan tó ọ lò. Mo sọ fún Màmá pé, "Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò ra ẹ̀yà ara láwìn." Màmá gbé báàgì wọn, wọ́n lọ. Wọn ò tíì pè mí.

Màá wá sílé ẹjọ́. Màá dìde dúró, màá sì pe orúkọ mi kó já geere, kí adájọ́ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, kí o lè lo gbogbo ọdún tí wọ́n bá dá fún ọ pé. Kí Ó dá Màmá sí fún àwa méjèèjì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí ìyá kan náà bí,
Vernita Tubbs.

Mo fẹ́ gbàgbé: ajá rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń jẹun dáadáa, orí ẹsẹ̀ mi ló ń sùn sí. Òun ò ṣẹ̀ mí.