Màyó Kan, Ọkọ́ Kan

Ìpìnlẹ̀, ní oṣù karùn-ún, ọdún 1969

Títílayọ̀ ọmọ mi, Àgbékẹ́ ọmọ Ẹfúnwùmí,

Ṣé àlàáfíà ni ara rẹ wà ní Kútọnú yẹn, òkun tó wà lẹ́yìn ilé yín ńkọ́, ṣé kò tíì wọlé bá yín? Mo ní kí n kí ọ ná kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí ìwé tí kò ní ìkíni nínú, òkò ni wọ́n jù lu ẹni tó gbà á. Mo kí ọ, ará ilé kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìkòkò ẹ̀wà kan tí n óò sọ fún ọ, mo mọ̀ pé ó kí ọ. Ògún tí bàbá mi sìn tí èmi náà ń sìn kò ní jẹ́ kí mọ́tò ìlú ńlá mọ orúkọ rẹ. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń ránṣọ yóò máa fi ojú rere wò ọ́. Orúnkún rẹ kò ní yẹ̀, àṣẹ. Má bínú pé mo ń ṣàdúrà fún orúnkún ẹni tí ara rẹ̀ le, wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Málọmọ́ àbúrò rẹ ni ó ń kọ ìwé yìí, èmi ni mo ń pè é fún un. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má yọ nǹkan kan, kí ó má sì fi nǹkan kan kún un, nítorí ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ lágbedeméjì, ọwọ́ rẹ̀ a máa yá ju ẹnu àgbà lọ.

(Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Málọmọ́ nìyí. Ohun tí ẹ bá rí láàárín àkámọ́ báyìí, tèmi ni, kì í ṣe ti Bàbá. Bàbá ò lè kàwé, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ tinú mi fún nílé yìí. Ẹ má wo àṣìkọ mi.)

Àgbékẹ́, òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, àgbàdo sì hù, ṣùgbọ́n koríko hù jù ú lọ. Bí o bá dúró sí ẹnu ọ̀nà oko wa báyìí, o ò ní mọ èyí tí a gbìn. Èmi ni mo fa èyí fún ara mi, bọ́ọ̀lù sì ni ó fà á fún mi.

Bí ìlú ńlá kò bá tíì mú ọ gbàgbé, o mọ̀ pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Ìpìnlẹ̀ àti àáró Ìpìnlẹ̀, ọ̀kan náà ni. Ọmọkùnrin mọ́kànlá, màyó, ìyẹn ẹ̀wù ìgbábọ́ọ̀lù, mọ́kànlá tí ìwọ fúnra rẹ fi aṣọ aláwọ̀ ewé rán sí wọn lọ́dún tí o gba òmìnira iṣẹ́, ọkọ́ mọ́kànlá. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú, ìyókù ọ̀sẹ̀ oko ni, gbogbo wọn a kó ara wọn lọ sí oko bàbá ẹnì kan lónìí, a di ti ẹlòmíràn lọ́túnla, títí yóò fi kárí. Ẹni tó bá wọ màyó ni àáró ń bá roko. Málọmọ́ ni ó wọ màyó kẹsàn-án, ìdí nìyẹn tí koríko ò fi rí wa gbé ṣe títí di ọdún yìí.

Ọkùnrin kan wá wà tí ń jẹ́ Tìjání. O ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú rédíò nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní Àjàṣẹ́, ọkùnrin inú rédíò a máa pariwo orúkọ náà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ẹgbẹ́ yẹn tú u sílẹ̀. Ó wá jókòó sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Màsẹ̀, kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ẹgbẹ́ tó bá wù ú ló lè wọ̀. N kò gbà á gbọ́ níbẹ̀rẹ̀. Mo ní ewúrẹ́ tó sanra tó báyìí, ta ni yóò tú okùn rẹ̀ tí kò ní sáré wá a kiri? Ṣùgbọ́n Èṣùbíyì adẹ́mu lọ gbé ẹmu ní Màsẹ̀, ó fojú ara rẹ̀ rí i, ó ń jẹ iṣu sísun bí ọmọ ènìyàn.

Ni Ìpìnlẹ̀ bá pín sí méjì. Lẹ́yìn ọjà, a pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò, Èṣùbíyì ló kọ́kọ́ dìde, ó ní odidi ẹni tí rédíò ń pè lórúkọ, ẹ ní ẹ ń ronú, ẹ máa ronú títí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Pọ́bẹ̀ yóò fi gbé e, kí ẹ wá máa ronú nípa góòlù tí wọn yóò fi bò yín. Sàlámì, tó jẹ́ olórí àáró àti olórí ẹgbẹ́, ní òun ò kọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ní kó máa lọ láìjà láìta, ó yẹ kí a bi ọkọ náà léèrè ọ̀rọ̀. Èṣùbíyì ní ìlara ni, pé Sàlámì kò tíì gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti ìgbà tí òyìnbó ti ń gba owó orí. Sàlámì ní lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Èṣùbíyì ń ṣọ́lé fún wa, àárín itan rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá bí àgùntàn tó ń wọ̀ sílé lálẹ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi ṣubú lórí àpótí. Sàlámì wá ní, ọkọ́ ńkọ́? Ta ló máa wo ẹsẹ̀ olówó iyebíye yẹn tí yóò gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́? Èṣùbíyì ní ẹsẹ̀ òsì ni Tìjání yóò máa fi roko, yóò sì yára jù yín lọ.

Àgbékẹ́, mo dìde. Ara mi gbóná bí ẹni tó mu ọtí sódábì láìjẹun. Mo ní kí Sàlámì jókòó, mo ní ẹ mú Tìjání. Wọ́n ní màyó ò ju mọ́kànlá lọ, Pọ́bẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa gbá, aṣọ Kútọnú kò lè dé kí ó tó dọjọ́ náà, ta ni yóò bọ́ tirẹ̀? Gbogbo ẹni tó ti ń pariwo, oníkálùkù wá ń wo ọmọ ẹlòmíràn. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ mi ni mò ń gbè lẹ́yìn, ẹ bọ́ ti Málọmọ́. Ariwo tó sọ! Wọ́n gbé mi sókè, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà tí mo ti dáyé kò sí ẹni tó gbé mi sókè rí.

(Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà níbẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá dé ni, màyó náà tutù lára mi. Bàbá ò wo ojú mi kó tó sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò wò mí lẹ́yìn tó sọ ọ́. Mo bọ́ ọ níbẹ̀, n kò wọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà pàtẹ́wọ́, n kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìn ọjà ni mo gbà lọ sílé kí àwọn ọmọbìnrin má baà rí mi. Ó wá ní kí n kọ ọ́ pé wọ́n gbé òun sókè. Mo ti kọ ọ́.)

Ohun tí n kò rò ni pé màyó kì í kúrò lára ẹni kí ọkọ́ dúró dè é. Àáró tó kàn, tiwa ni. Mo jí ní kùtùkùtù, ìyá rẹ ti se ìkòkò ẹ̀wà ńlá yẹn sílẹ̀ fún àwọn aroko bí ó ti máa ń ṣe, ó ti to igbá. A gbọ́ orin wọn lókèèrè. Wọ́n yọ sí wa, ọkọ́ léjìká, wọ́n kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní ẹ ǹlẹ́ o Bàbá Bọ́ọ̀lù, wọ́n sì kọjá. Màsẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Tìjání kò ní oko, ó ti fi àáró tó ń bẹ lára màyó rẹ̀ ta ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ́rẹ. Ìyá rẹ dúró ti ìkòkò náà pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́ títí orin náà fi wọ inú igbó lọ. Kò bú mi. Ì bá bú mi ni. Ẹ̀wà yẹn, a jẹ ẹ́ títí ó fi kan, láti ìgbà náà ni kò ti sí ọ̀rọ̀ láàárín wa, bí ó bá fẹ́ kí n gbé omi wá, ewúrẹ́ ni ó ń sọ ọ́ fún kí n lè gbọ́.

Mo sáré tọ Sàlámì lọ. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe máa fò mí dá? Ó ní Bàbá, ẹ ní kí n jókòó, mo sì jókòó.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n mú Tìjání lọ gba lísáǹsì, ìyẹn ìwé ìjọba tó ń sọ ẹgbẹ́ tó ni agbábọ́ọ̀lù. Mo bá wọn lọ, nítorí Bàbá Bọ́ọ̀lù ni mí, kí ni mo tún fẹ́ jókòó sílé ṣe? Ìwé náà kò tó àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn, mo yí i síwá sẹ́yìn, orí àti ọrùn nìkan ni mo rí. Mo bi akọ̀wé pé ẹsẹ̀ dà? Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe. Mo ní ọmọ mi, bí o bá fẹ́ ra ọkọ́, ṣé èékù nìkan ni wàá wò, o ò ní wo irin? Orí kọ́ ni a gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nù, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lé orí Tìjání. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní òǹtẹ̀ kankan. Ọjọ́ náà ni mo ti fura.

Pọ́bẹ̀ dé. Bọ́ọ̀lù kò tíì pẹ́ lórí pápá tí Tìjání gbà á láàárín, ó yọ́ kọjá lára ẹnì kan, ó yọ́ kọjá lára èkejì bí ejò inú àgbàdo, ó gbá a, àwọ̀n mì. A ò tíì jó ijó yẹn tán tí ó fi ṣubú. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó kàn yí padà ni, orúnkún rẹ̀ ró, àwa tí a jókòó létí pápá gbọ́ ọ. Ó wú tó orí ọmọ tuntun. Àwọn Pọ́bẹ̀ wá gbá wa bí ẹni ń ṣí ìlẹ̀kùn tí kò ní ìkọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tìjání fẹnu ara rẹ̀ sọ pé orúnkún kan náà ni, pé nítorí rẹ̀ ni Àjàṣẹ́ ṣe tú òun sílẹ̀, pé òun rò pé ìsinmi ti wò ó. Ó bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ, orí àpò gaàrí ni wọ́n gbé e jókòó sí.

(Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tó ṣubú, inú mi dùn. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó dùn. Ohun tó ń dùn mí di òní ni góòlù yẹn. Ó dára. Èmi kì bá ti lè gbá a bẹ́ẹ̀ láéláé.)

Sàlámì wá gbé màyó padà wá fún Málọmọ́. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ká a dáadáa. Mo ti ń yọ̀, mo ti ń wá obì, kí ó tó sọ ìyókù. Ó ní àáró tó wà lára màyó náà, Màsẹ̀ ti jẹ ẹ́ lọ́dún yìí, kò sí òmíràn fún wa. Ṣùgbọ́n oko gbogbo àwọn yòókù tó yẹ kí Tìjání bá wọn ro, ó ń bẹ lọ́rùn ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Bí Málọmọ́ bá sì kọ̀ ọ́, ilé wa ti jáde nínú àáró nìyẹn, títí dé ọmọ ọmọ. Málọmọ́ gbà á. Láti ọjọ́ náà, ó ń lọ ro oko àwọn ẹlòmíràn láti àárọ̀, èmi nìkan ni mo wà nínú tiwa. Mo ń ro ebè kan, èyí tí mo rò lánàá ti ń hu lẹ́yìn mi. Ẹ̀yìn mi kò gbà mọ́. Àgbàdo ti ń pọ́n bí ẹni tó ní ibà. Bí kò bá rí ọkọ́ kí koríko tó tú èso, a ò ní kó nǹkan kan wálé, Àgbékẹ́, n kò purọ́ fún ọ.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí n fi gba alágbàṣe, kí wọ́n bá mi tú ìwọ̀nba tó kù sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ilé rédíò wà ní Kútọnú lọ́dọ̀ yín. Bá mi wọlé, kí ọkùnrin tó ń pariwo bọ́ọ̀lù, bi í pé nígbà tó ń pe orúkọ Tìjání lójoojúmọ́, kí ló dé tí kò dárúkọ orúnkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré? Ohùn rẹ̀ kò jọ ohùn òpùrọ́, mo rò pé wọ́n fún un lọ́rùn ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Wá irú aṣọ aláwọ̀ ewé ìjọ́sí, kí o rán màyó kan sí i. Mo ti rò ó lóko, èmi àti koríko, mo rí i pé ibẹ̀ ni àṣìṣe gbogbo wa wà. Bí màyó bá di méjìlá, ọkọ́ á di méjìlá, àáró á di méjìlá, a ó rí tiwa gbà, bí ẹni ńlá mìíràn bá sì tún dé, kò ní sí ọmọ ẹnikẹ́ni tí yóò bọ́ra láàárín ọjà. Jẹ́ kí ó fẹ̀ ní èjìká. Málọmọ́ ṣì ń ga.

Bí o ti ń tọ́jú wa, kí ọmọ tìrẹ náà tọ́jú rẹ. Abẹ́rẹ́ rẹ kò ní ṣẹ́ sínú aṣọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, wọn kò ní fò ọ́ kọjá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúntóyè

(Ẹ̀gbọ́n mi, Sàlámì ti ṣàlàyé fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́ pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ju mọ́kànlá lọ lórí pápá, àáró náà ò sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò wọ̀ ọ́ létí. Ẹ má rán màyó kankan. Owó aṣọ náà, ẹ fi ra gaàrí sí wa, nítorí oko yẹn ti lọ, mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, n kò rí Bàbá nínú rẹ̀, ìró ọkọ́ rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fèsì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti ra aṣọ náà, pé ẹ ti gé e, pé èjìká rẹ̀ fẹ̀. Èmi ni n óò kà á fún un.)