Ọ̀rá Tí O Ní Kí Ìyá Rẹ Dín Kù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ìkókó wa ńkọ́? Mo kí yín kú iṣẹ́, mo kí yín kú àtẹ̀gùn mẹ́rin tí ẹ ń gùn kí ẹ tó dé yàrá yín, ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀ lórí rẹ̀. Ara èmi le, bí a bá yọ ti ebi kúrò. Ebi ń pa mí, ọmọ mi, ìwọ lo sì fà á.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ni. O ní kí n bá ọ sọ fún Màmá kí wọ́n dín ọ̀rá kù bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà, pé ọ̀rá ló ń ba ayé jẹ́, pé bí wọ́n tilẹ̀ rì í mọ́lẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kì í jẹrà. Mo kà á sókè ketekete lójú ìyá rẹ àti aránṣọ tó ń wọn aṣọ tí ìyá rẹ fẹ́ wọ̀ wá wo ìkókó. Aránṣọ wo okùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìbàdí ìyá rẹ, ó wúkọ́.

Ìwọ náà mọ̀ pé ìyá rẹ kì í ṣe ẹni tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Ó bi mí pé ṣé ọ̀rá ara òun ló wá ń ba ayé jẹ́, àti pé ta ló sọ fún ọ pé òun fẹ́ kú tí o fi ń ro bí òun yóò ṣe jẹrà. Láti ọjọ́ náà, epo kò kan ìkòkò wa mọ́, ẹran di èèwọ̀, èmi tí n kò ní ọ̀rá kankan lára wá ń gbààwẹ̀ tí n kò dá, okùn ni mo fi ń so ṣòkòtò. Ó ní kí aránṣọ gé aṣọ náà tín-ín-rín, òun yóò rù wọ inú rẹ̀, àti pé bí òun kò bá rù, òun kò wá sọ́dọ̀ rẹ mọ́.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ abúlé wa ló yọ wá. Ó bá mi níta níbi tí mo ti ń wo ewúrẹ́ aládùúgbò tìfẹ́tìfẹ́, ó bi mí pé kí ló ṣe mí, mo gbé fóònù fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ohun tí ẹ̀yin ará ìgboro ń pè ní ọ̀rá, òun ni àwa ń pè ní náílọ́ọ̀nù, pé o fẹ́ kí ìyá rẹ máa gbé agbọ̀n lọ ra tòmátì àti ẹ̀fọ́.

Agbọ̀n! Nígbà wo ni ìyá rẹ lọ sọ́jà láìgbé agbọ̀n? Agbọ̀n náà dàgbà jù ọ́ lọ. Ewé ni ẹlẹ́fọ̀ọ́ fi ń di ẹ̀fọ́ fún un, ewúrẹ́ a sì jẹ ewé náà. Gbogbo náílọ́ọ̀nù tó wọ ilé wa lọ́dún yìí, inú ẹrù tí o fi ránṣẹ́ ló ti wá. Àpù mẹ́fà, olúkúlùkù nínú ilé tirẹ̀! Kùkúńbà ńkọ́, wọ́n wé e bí ẹni tí òtútù ń mú, ọjọ́ méjì ni a kò fi fọwọ́ kàn án, a rò pé ara rẹ̀ kò yá ni, wọ́n tilẹ̀ ti lẹ ọjọ́ tí yóò kú mọ́ ọn lára. Ìwé tí wọ́n kọ sí pé ẹ jẹ́ kí á tọ́jú ayé, inú náílọ́ọ̀nù ni òun náà wà. Ẹni tí yóò dín ọ̀rá kù kò jìnnà sí ọ o.

Mo rò pé ìyá rẹ yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣàlàyé fún un. Ẹkún ló sun. Ó ní ebi kọ́ ló dun òun, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni òun fi rò pé ara òun ń ti ọmọ òun lójú. Ó ti se ẹran fún mi, ṣùgbọ́n òun kò tíì jẹ, ó ní etí òun ni òun fẹ́ fi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Aṣọ tí aránṣọ gé kò kọjá èjìká rẹ̀. Nítorí náà, fi owó aṣọ mìíràn ránṣẹ́ àti owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n má fi gba inú fóònù. Ọ̀rọ̀ lásán ló gbé tó yí padà lọ́nà, owó ńkọ́? Kí owó náà tó dé, pe ìyá rẹ fúnra rẹ, kí o sọ fún un pé kí ó máa bọ̀ bí ó ṣe wà.

Ọlọ́run yóò wo ọmọ náà dàgbà fún wa. Ẹ̀yìn tó sanra yẹn ni wọ́n fi pọ̀n ọ́ tí o fi ń sùn. Ọmọ tìrẹ náà yóò sùn lé e.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.