Férémù Tí Kò Gba Ìwé Ìdílé Mi Mọ́

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Onípákó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn ńkọ́, ṣé o ti fi òróró sí i? Ara tèmi le, àfi owú tó ń jẹ mí. Ìwọ gan-an ni mo ń jowú.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, ṣùgbọ́n n kò wọlé. Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo dúró sí bí olè. Àkọ́bí mi ń fá pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé. O ní, "Àgbà ilé, rọra! Pákó ni, kì í ṣe irùngbọ̀n mi." Ó ní, "Bàbá Onípákó, irùngbọ̀n yín le ju pákó lọ." Ẹ̀yin méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọmọ yẹn ti rẹ́rìn-ín níwájú mi kẹ́yìn. Mo délé, mo ń pariwo kiri ilé pé o gba ọmọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyàwó mi ní, "Bàbá, ṣé ẹni tó pe ọmọ bó ṣe fẹ́ ló jí i gbé?"

O mọ ìwé ìdílé tí mo tẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, tó wà lára ògiri pálọ̀ wa: ọmọkùnrin lọ́tùn-ún, ọmọbìnrin lósì. Ọjọ́ tí Àkọ́bí sọ fún wa pé òun kì í ṣe ọkùnrin, òun kì í sì í ṣe obìnrin, ohun kan péré ló bẹ̀ mí: kí n yọ orúkọ òun kúrò lósì. Mo ní èdè wa kò ní ibòmíràn tí mo lè fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Ẹyin lohùn, tèmi sì fọ́ mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹnu mọ́ "ọmọbìnrin mi, ọmọbìnrin mi", títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrò nílé. Ìwọ tí o kò kàwé tó mi, "àgbà ilé" lásán lo pè é, ó sì dá ọ lóhùn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Irọ́ ni mo pa mọ́ èdè wa. Nínú ilé wa, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la ń pe ara wa. Èmi ni mo fa ìlà sáàárín. Mo ti tún ìwé náà tẹ̀: Àkọ́bí lókè, àwọn àbúrò rẹ̀ nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe dé. Ó wá gùn ju férémù àtijọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Jọ̀wọ́, ìwọ má ṣe férémù rẹ̀ o. Gbé e fún Àkọ́bí. Sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ní òun jẹ̀bi, kó bá òun ṣe é tó bá wù ú. Ìṣó ṣì wà lára ògiri.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Bí Àkọ́bí bá sì gbà láti gbé e wá, mo bẹ̀ ọ́, má tẹ̀ lé e. O ti ní Sátidé púpọ̀. Fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń jowú rẹ,

Bàbá Atẹ̀wé