Epo Tí Wọ́n Walẹ̀ Títí Tí Wọn Kò Rí: Ìgbésí Ayé Olóògbé Jeremiah Àdìsá Ògúndìran

Ọdún 1929 ni wọ́n bí Bàbá wa, Jeremiah Àdìsá, ní agboolé Ògúndìran ní Màsífà, lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò. Olóògbé Joseph Ògúndìran, àgbẹ̀ oníṣu, ni baba wọn. Olóògbé Àbẹ̀bí, tó ń ta ata gígún lọ́jà Ẹ̀jìgbò, ni ìyá wọn. Láti kékeré ni Bàbá kì í ti í kánjú. Ìyá wọn máa ń sọ ọ́ pé bí òjò bá ṣú, tí gbogbo ọmọdé ń sáré bọ̀ láti oko, Àdìsá á máa rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbọ̀n iṣu lórí. Òjò á pa á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣu kan kò ní í já bọ́. Àwọn tó sáré ni wọ́n máa ń padà lọ ṣa iṣu tiwọn nínú ẹrẹ̀.

Ìdílé Ògúndìran mọ̀ pé àsìkò ìdárò nìyí, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n inú ń bí ìdílé yìí. Wọn kò ní í fi orin àti àdúrà bo ìbínú náà mọ́lẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún Bàbá, ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ṣe é.

Ní ọdún 1937, Bàbá wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ẹ̀jìgbò. Wọ́n kàwé dé Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ kí àìsàn baba wọn tó dá wọn padà sóko. Ní 1948, wọ́n bá àbúrò ìyá wọn lọ sí Abidjan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀jìgbò ti ń lọ nígbà náà àti nísinsìnyí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń kó kòkó àti kọfí wá sí èbúté. Ọ̀gá yìí kì í na ọmọ iṣẹ́, kì í sì í bú wọn. Òfin kan ṣoṣo ló ní: bí epo bá tán lójú ọ̀nà, ẹni tó wakọ̀ ni yóò gbé kẹ́ẹ̀gì, tí yóò fẹsẹ̀ rìn lọ ra òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bàbá rin ìrìn náà nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n padà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ọ̀gá wọn na ìka sí ibi tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ó ní, “Dúsúmọ́.” Ọ̀rọ̀ Faransé ni; jẹ́jẹ́ ni ó túmọ̀ sí. Bàbá kò gbàgbé rẹ̀ títí wọ́n fi dágbére fáyé.

Ní 1957, Bàbá àti Damaris, ọmọ bíbí Ẹ̀jìgbò, ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará ilé kọ́ sí Abidjan. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni Màmá Damaris ń ṣe títí di òní. Ẹnu Màmá ni ìdílé ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ìwé yìí, Màmá kan náà ni wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ̀kankan kúrò nínú rẹ̀.

Ní 1981, wọ́n kó ẹbí wọn padà wálé. Bàbá ra Píjó wágọ́ọ̀nù aláwọ̀ eérú, wọ́n sì ń fi í ná Ẹ̀jìgbò sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá mọ gáréèjì ló mọ bí wọ́n ṣe ń pe èrò. Awakọ̀ á ṣáná sí ọkọ̀ tí ẹni méjì péré wà nínú rẹ̀, á máa tẹná kí ẹ́ńjìnnì máa bú ramúramù, á sún síwájú díẹ̀, á tún sún sẹ́yìn, kí àwọn tó wà níta lè rò pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Irọ́ gbuu ni. Ọkọ̀ náà lè máa sún síwá sẹ́yìn báyìí títí oòrùn á fi kanrí, epo ń jó, èéfín ń kó sí èrò nímú, síbẹ̀ kò tíì kúrò lójú kan. Bàbá kọ̀ jálẹ̀, wọn ò ṣe é. Wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á jókòó, wọ́n á sì sọ fún ẹni tó bá béèrè pé, “Ó ku èrò mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti dé, a ó lọ.” Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, òótọ́ náà ló sì ń lé èrò lọ sínú ọkọ̀ elétàn. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe Bàbá ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn o!

Àwọn ará gáréèjì sọ Bàbá ní Dúsúmọ́, wọ́n ní ahun ni wọ́n. Ìdílé fẹ́ bi wọ́n léèrè lónìí: èwo ni ahun níbẹ̀? Ṣé ti táyà ni, tí Bàbá ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nítorí pé táyà tó rọ̀ ń mú kí ọkọ̀ máa wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀, kó sì máa mu epo? Àbí ti káríà orí ọkọ̀, tí wọ́n máa ń tú sílẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹrù, kí atẹ́gùn má baà máa fà wọ́n sẹ́yìn? Bí wọ́n bá rí ewúrẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, tàbí ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, wọ́n á ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, eré ọkọ̀ á rọra dínkù fúnra rẹ̀. Wọn kì í sáré débẹ̀ tán kí wọ́n tó wá fẹsẹ̀ kan bíréèkì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Wọ́n ń pààrọ̀ jíà kí ẹ́ńjìnnì tó ké. Àwọn kan tún ń parọ́ mọ́ wọn pé ńṣe ni wọ́n ń pa ẹ́ńjìnnì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ọkọ̀ lè máa yọ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá! Bàbá máa ń sọ pé ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí èrò ló fi ń ra epo. Ohun tó ṣẹ́kù nínú epo tí wọn kò jó dànù ni wọ́n fi rán àwọn ọmọ wọn nílé ẹ̀kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Bàbá di díákónì ní 1985. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n máa ń kó àwọn arúgbó Màsífà lọ sí ìsìn, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Aboyún tí ọmọ bá ń mú, ìbáà jẹ́ mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́, ọ̀dọ̀ Bàbá ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń sáré wá. Ṣé ahun ló ń ṣe irú ìyẹn?

Ọdún 1994 wá dé. Epo wọ́n jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìgbà tó bá wu ilé epo ni wọ́n ń tà, ìlà ọkọ̀ sì ń gùn dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gáréèjì gbé ọkọ̀ wọn jókòó. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí àwọn yòókù bá sì rí rà, wọ́n tún ń jó o lórí ìdúró bí ìṣe wọn. Píjó Bàbá nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀, iye tí Bàbá sì ń gbà lọ́wọ́ èrò tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà. Ó yẹ kí ẹnìkan béèrè bí wọ́n ti ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri gáréèjì ni pé olè ni Jeremiah, pé ó kó epo aráàlú pamọ́ sínú ilé rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, Ọ̀gbẹ́ni Olúrántí, alága Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Ìfẹ́sowápọ̀, kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé Bàbá pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Olúrántí yìí kan náà, bẹ́ǹṣì kan ni òun àti Bàbá jọ ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì! Wọ́n tú yàrá. Wọ́n fọ́ ààrò Màmá, wọ́n wa ilẹ̀ ilé ìdáná títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Fàsílátù, oníṣòwò iṣu láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tó ti pẹ́ tó ti ń wọ ọkọ̀ Bàbá, wà nínú àwọn tó rọ́ wá wòran. Òun nìkan ló lahùn.

Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run! Mo ń wọ ọkọ̀ yín, mo sì ń wọ tiwọn. Nínú tiyín, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ń tẹná, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ń tẹ bíréèkì, iṣu mi á máa yí kiri bíi bọ́ọ̀lù. Nínú tiwọn, mo ń sùn ni. Níbi tí mo ti ń sùn yẹn lepo tí ẹ ń wá wà, kò sí nínú ilẹ̀!”

Ńṣe ni wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọn kò rí kẹ́ẹ̀gì, wọn kò rí àgbá, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ òórùn epo. Ǹjẹ́ wọ́n tọrọ àforíjì? Rárá. Wọ́n ní kí Bàbá má ṣe gbé èrò mọ́ ní gáréèjì, wọ́n ní ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìwádìí náà kò sì parí títí ọyẹ́ fi dé. Ilẹ̀ ilé ìdáná tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ yánnayànna, Màmá fúnra wọn ló dí i.

Bàbá kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kí alága dúró ní gáréèjì, níbi tí wọ́n ti pe àwọn lólè, kó sọ lójú gbogbo èèyàn pé Jeremiah kò jalè, kò sì kó epo pamọ́. Gbólóhùn kan péré. Wọ́n béèrè rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n béèrè rẹ̀ níwájú olùṣọ́àgùntàn, wọ́n tún rán Leah, àkọ́bí wọn, lọ béèrè rẹ̀. Èsì kan náà ni Olúrántí ń fọ̀: “Bàbá Leah, ọ̀rọ̀ àná nìyẹn, ẹ jẹ́ kó lọ.” Nígbà tó yá, Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò wọ inú gáréèjì mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lójú ọ̀nà ni wọ́n ti ń dúró de èrò, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa.

Ní ìparí ọdún 1996, ẹ̀jẹ̀ ríru dá wọn dùbúlẹ̀. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n bi Màmá bóyá alága ti sọ ọ́. Màmá ní kò tíì sọ ọ́. Bàbá kọjú sí ògiri, wọn kò sì béèrè mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997, wọ́n fi ayé sílẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Olúrántí wá kí Màmá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún awakọ̀ àgbà: gbogbo ọkọ̀ gáréèjì yóò tò tẹ̀lé òkú, wọn yóò máa fọn fèrè yí Ẹ̀jìgbò po, wọn yóò sì tẹná níwájú ilé kí ẹ́ńjìnnì máa bú, kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé ẹni ńlá ló lọ. Màmá fetí sílẹ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n ní, “Epo tún ti wọ́n lóde. Níbo lẹ ti máa rí èyí tí ẹ fẹ́ jó?”

Ó ní, “Ẹ má dààmú ara yín, Màmá. Ó wà nílé mi. Láti ìgbà Kérésìmesì la ti ń kó o jọ sínú kẹ́ẹ̀gì.”

Màmá wò ó, wọ́n tún un wò. “Olúrántí, ìwọ náà lo wa ilẹ̀ ilé ìdáná mi.”

Màmá tún ní, “Lọ sí gáréèjì báyìí, lọ sọ gbólóhùn kan yẹn. Tó o bá ti sọ ọ́, ẹ fi epo yín yí ayé po.”

Ó ní kí Màmá má bínú, pé òkú kò gbọ́rọ̀ mọ́.

Màmá ní, “Èmi ṣì ń gbọ́.”

Ó dìde, ó lọ. Títí ìwé yìí fi dé ilé ìtẹ̀wé, kò tíì sọ ọ́.

Nítorí náà, ìdílé ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún gbogbo olùbánikẹ́dùn pé kò sí ọkọ̀ títò, kò sí fèrè fífọn. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kó jọ̀wọ́ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Inú Píjó wọn ni wọn yóò gbé Bàbá sí lọ sí Màsífà. Leah, tí Bàbá fọwọ́ ara wọn kọ́ ní ọkọ̀ wíwà, ni yóò wà á. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé e, kó tẹ̀lé e bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá ń kánjú, ọ̀nà wà níwájú, kó máa lọ.

Bàbá fi ìyàwó wọn, Damaris, sáyé lọ. Wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀: Leah, tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀jìgbò. Joseph, tó wà ní Abidjan. Ọmọpẹ́ àti Wúràọlá. Pẹ̀lú àwọn ọkọ ọmọ, aya ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ tí Bàbá máa ń gbé jókòó nínú ọkọ̀ tó dúró, tí wọ́n á ní kí wọ́n máa wà á lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn láìṣáná. Ìdílé ka Fàsílátù mọ́ ara wọn pẹ̀lú. Àyè rẹ̀ wà ní ìjókòó iwájú lọ́jọ́ ìsìnkú.

Epo tí Bàbá rà kẹ́yìn ṣì wà nínú táǹkì. Leah ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì fi nǹkan kan kún un. Yóò gbé wọn délé, yóò sì tún ṣẹ́kù. Bí alága tàbí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń wá ibi tí Jeremiah Ògúndìran kó epo pamọ́ sí, kó súnmọ́ ọkọ̀ náà bó bá ń kọjá, kó wo ẹsẹ̀ Leah.

Bàbá wa, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sùn re láyà Olúwa. Dúsúmọ́ o.