Bàálù tí mo bá Alàájì yàn

Ìkìrun, Sátidé, 15 Oṣù Kẹwàá, 1994

Mo parọ́ lónìí, nítorí Délé.

Alàájì tó wà ní Ìnísà fẹ́ ra bàálù kékeré tí yóò máa gbé wọn láti Èkó lọ sí oko wọn ní Ìgbàyè, níbi tí wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ pupa kan fún bíbalẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe. Mo rò pé èmi nìkan ni wọ́n pè. Mo débẹ̀, mo bá Délé, awakọ̀ òfurufú tí mo kọ́ ní ìṣirò nígbà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Délé dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti sọ fún Bàbá pé ẹlẹ́ńjìnnì kan, èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú, ni kí wọ́n rà."

Òótọ́ ni. Jẹ́ẹ̀tì yóò fa òkúta wẹ́wẹ́ ilẹ̀ yẹn sínú ẹ́ńjìnnì. Ohun tí èmi náà fẹ́ sọ nìyẹn.

Alàájì ń rẹ́rìn-ín. "Kápítéènì ti là á yé mi. Ṣé o ní nǹkan kún un?"

Èmi, kí n wá kún ọ̀rọ̀ ọmọ tí mo kọ́.

Mo ní, "Jẹ́ẹ̀tì kékeré ló yẹ yín, sà. Ó yára, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ méjì." Mo ṣàlàyé títí wọ́n fi gbà. Délé kò lè já mi nírọ́ lójú wọn. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n ló mọ̀ ọ́n jù."

Alàájì ni yóò jókòó sínú rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ padà sí Ìnísà lọ́la, kí n sọ òtítọ́.

Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń wá bí n ó ṣe sọ ọ́ láìdárúkọ Délé.