Pẹ̀rẹ̀gún Mẹ́fà Ààlà Ìdí-Ìyeyè

                                        Abúlé Ìdí-Ìyeyè,
                                        Lọ́nà Ìṣolọ,
                                        Òṣòdì.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta, 1958.

Bíọ́dún, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Záríà lọ́hùn-ún? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ṣé iṣẹ́ rélùwéè kò pọ̀ jù fún ọ? A dúpẹ́ níhìn-ín. Ara ìyá rẹ le koko. Àná ni mo rí wọn tí wọ́n ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Òṣòdì, wọ́n sì ní kí n bá àwọn bú ọ pé o kì í kọ lẹ́tà. Mo ti bú ọ nìyẹn.

Bíọ́dún, ojú ń tì mí. Èmi àti ìwọ la jọ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n èmi ni mo wà nílé tí ó fi ṣẹlẹ̀.

Ilẹ̀ ti wọ́n níhìn-ín báyìí, wọ́n ń kọ́lé bọ̀ láti ọ̀nà Mafolúkù. Àwa àti àwọn ará abúlé ìyá rẹ wá pinnu pé kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fi ààlà wa sínú ìwé, kí ìjà má baà dé. Wọ́n ní kí Bàbá Sàláwù, bàbá Àgbékẹ́, ṣíwájú, nítorí àwọn nìkan ló kù tí ó mọ ìtàn abúlé wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo mọ̀wé ni kí n máa kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀.

Inú Bàbá dùn láàárọ̀ ọjọ́ tí a lọ wọn ilẹ̀ náà. Wọ́n fi ibi tí Ọ̀dúnlámì, baba ńlá wa, pa ahéré sí lábẹ́ igi ìyeyè hàn wá, nígbà tí ó kúrò ní Ìṣolọ. Wọ́n fi àbàtà tí wọ́n ti ń gé imọ̀ bo ilé hàn wá, àti ibi tí rélùwéè ti gé oko sí méjì, tí ẹni tó ń lọ fa ẹ̀gẹ́ fi ní láti dúró kí ọkọ̀ ojú irin kọjá. Nígbà tí a sún mọ́ ìsun omi tí àwọn obìnrin wa ń pọn, wọ́n ní, "Ẹ máa bọ̀. Pẹ̀rẹ̀gún mẹ́fà ló wà lókè ìsun yìí. Ọ̀dúnlámì gbin mẹ́ta, ẹni tó tẹ abúlé òdìkejì dó gbin mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ààlà."

A dé ibẹ̀. Koríko ni a bá.

O ti rántí, àbí? Kíláàsì kẹrin. Àlejò ń bọ̀ wá wo ọgbà ilé ìwé, tíṣà ní kí kálukú mú òdòdó wá gbìn. Ọ̀lẹ kò jẹ́ kí á wá tiwa lọ jìnnà. Ọkọ́ bàbá rẹ la fi wú gbogbo pẹ̀rẹ̀gún náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wa nílé ìwé. Wọ́n ṣì wà níwájú ilé ìwé, wọ́n ti ga ju fèrèsé lọ. Àràárọ̀ ni mo ń kọjá lára wọn, n kò ronú nípa wọn rí.

Bàbá fi ọ̀pá tú koríko títí. Ọ̀dọ́kùnrin òdìkejì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ọjọ́ orí ni." Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kọjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀." Mo kọ ọ́: A kò rí pẹ̀rẹ̀gún kankan. Mo mọ̀ nígbà tí mo ń kọ ọ́, Bíọ́dún. Mo lè sọ̀rọ̀, n kò sọ. Wọ́n fa ààlà gba ojú ọ̀nà tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa, ìsun omi sì bọ́ sí òdìkejì.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò jókòó sí ìdí ìyeyè mọ́. Bí àwọn ọmọdé bá ní kí wọ́n pìtàn, Bàbá á ní kí wọ́n lọ bá ẹni tí orí rẹ̀ pé. Àgbékẹ́ ní wọ́n máa ń dá jókòó, wọ́n á máa ka orúkọ àwọn ọmọ wọn, bóyá àwọn ti gbàgbé ọ̀kan.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, mo lọ dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ti ń retí èpè. Bàbá ní, "Mélòó lẹ wú?"

"Mẹ́fà ni, Bàbá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Mẹ́ta mẹ́ta la gbé."

Wọ́n nawọ́ gbé mi dìde. Wọ́n ké sínú ilé pé, "Àgbékẹ́, ó ní mẹ́fà ni!" Wọn kò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Sátidé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ń padà bọ̀ wá ri òpó símẹ́ǹtì mọ́lẹ̀. Bí èmi nìkan bá sọ̀rọ̀, wọn á ní mo ń gbè sẹ́yìn àgbà abúlé mi. Ìwọ lo ní ìyá ní òdìkejì tí o ní bàbá níbí. Àwọn àbúrò ìyá rẹ yóò gbọ́ tìrẹ. Jọ̀wọ́, gba àyè níbi iṣẹ́, kí o wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Èmi yóò dúró dè ọ́ ní Òṣòdì.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o gbé ọmọ sókè lẹ́ẹ̀mẹta fún mi. Ṣubúọlá ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ní Mọ́ńdè, Bàbá ní kí n mú àwọn lọ síwájú ilé ìwé. Wọ́n fọwọ́ kan pẹ̀rẹ̀gún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà á dé mẹ́fà. Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un kà.

                                        Èmi ni, ẹni tí ẹ jọ wú u,
                                        Mùfútáù.