Ohùn Yín Ṣì Ń Kọrin Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Màámi àtàtà,

Ilé wa ní Alápẹ̀rẹ̀ ṣì wà bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀, àfi ilé ìdáná tí a tún kùn. Mo ṣì máa ń bọ́ bàtà kí n tó kọrin, torí ẹ máa ń ní ẹni tí bàtà bá ń ta lẹ́sẹ̀ kò lè rántí orin.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí a sin yín, ọ̀gá tó ń ṣe ètò àwọn ọmọdé tẹ́ ẹ máa ń kọrin fún lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn wá kí wa. Ó jẹun tán, ó ní kí n kọ díẹ̀ nínú orin ìfọwọ́. Mo rò pé ó fẹ́ fi rántí yín ni. Mo kọ ọ́: "Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, ẹ bọ́ sómi ká jọ ṣeré." Ló bá bú sẹ́kún. Ó ní ohùn yín gan-an ni. Ó bẹ̀ mí kí n bá wọn parí àwọn orin tó kù, kí àwọn ọmọdé má baà mọ̀ pé Àǹtí Àdàbà tí wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ti kú. Ẹ̀yìn bèbí aláṣọ tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Àdàbà yẹn náà lẹ kúkú máa ń wà tẹ́ ẹ bá ń kọrin, kò sẹ́ni tó mọ ojú yín.

Mo rò pé kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin báyìí.

Màámi, mo ti há sínú ohùn yín. Tí mo bá lanu ná tòmátò lọ́jà Mile 12, àwọn ọmọ tí ìyá wọn pọ̀n á yíjú wá mi. Orin tí èmi fúnra mi ṣe wà nínú ìwé, mi ò lè kọ ọ̀kan dópin. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún yín náà? Ṣé ó sú yín rí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá ọ̀gá náà ní Ògùdù, níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, pé mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kò burú, kí n kọ orin ó-dàbọ̀ sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Mo fi ohùn tèmi kọ ọ́, èyí tó rẹlẹ̀, tó nípọn díẹ̀. Ó dá mi dúró.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ohùn ti Mummy yín la fẹ́."

Mo tún un kọ bíi tiyín. Bí mo ṣe parí, ó ní òun ò lè jẹ́ kí n lọ mọ́. Mo jáde, mo ní mi ò ní padà.

Nígbà tí mo délé, Títí jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Títí lọmọ tí mo lóyún rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ lọ. A máa ń sọ fún un pé Grandma ló ń kọrin. Mo pa tẹlifíṣọ̀n náà, mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo sọ fún un pé ẹ ti kú kí n tó bí i, pé èmi ni mo ń kọ ọ́. Kò gbà. Mo bá kọ ọ́ sí i létí. Ó wo ẹnu mi, ó fọwọ́ kan ọ̀fun mi.

"Grandma ló wà níbẹ̀?"

"Rárá o. Èmi ni. Mummy ni."

Ló bá fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Mummy, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ jẹ́ kí Grandma kọrin."

Mo kọ ọ́, Màámi. Mo kọ ọ́ títí oorun fi gbé e lọ. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo padà sí Ògùdù lọ kọrin bíi tiyín.

Ẹ sùn re.

Èmi tí ẹ bí, tó fẹ́ràn yín, tí ẹ̀rù ń bà.